Bàbá Oríjínà

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Láti Ìgbókòdá tí ọ̀nà mọ́tò ti parí, títí dé Oríòkè-Ìwàmímọ́ létí òkun, kò sí àdúgbò tí ẹnì kan irú rẹ̀ kò sí. Bí ẹrù tòkunbọ̀ bá ti dé, ìdí sípíkà onípákó ni yóò gbà lọ. Yóò fi ìka kan ara pákó náà, kó, kó, yóò mi orí, yóò ní, “Oríjínà rèé. Wọn ò ṣe irú èyí mọ́.” Ẹni tó ń tà á, tí kò tíì sọ iye kankan, á ní, “Bàbá, ojú yín mà mọ nǹkan o,” á sì rọra fowó lé owó nínú ọkàn rẹ̀. Bàbá Oríjínà mọ̀ pé ọdún 1932 ni wọ́n dá Wharfedale sílẹ̀ ní Yorkshire, ó mọ̀ pé Tannoy ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1926. Èyí tí kò mọ̀ ni bóyá sípíkà méjèèjì tó wà níwájú rẹ̀ yìí ṣì ń dún.

Ẹ̀sùn tí mo fi kàn án kò ju ẹyọ kan lọ: orúkọ ló ń rà, ohùn ló rò pé òun rà. Ibi tó ti kó o kò ṣòro láti mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975, nígbà tí owó Udoji bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, tí wọ́n gba àfikún oṣù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sìtẹ́rìò wà lára ohun tí owó náà kọ́kọ́ bá lọ. Pálọ̀ tí sípíkà méjì bá dúró sí, tí àwo Ebenezer Obey ń yí láàárín wọn, pálọ̀ ẹni tó rí ṣe ni. Ọmọ tí wọ́n ń lé kúrò nídìí ẹ̀rọ yẹn ti di bàbá báyìí, ó sì ń wá èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní lé e kúrò nídìí rẹ̀.

Yóò ní iṣẹ́ àtijọ́ lágbára ju tòde òní lọ. Kò purọ́ tán. Pákó wọn nípọn, mágnẹ́ẹ̀tì alnico, tí kobalti wà nínú rẹ̀, ló sì wà nínú àwọn mìíràn. Ìgbà tí ogun Shaba ní Zaire sọ kobalti di ọ̀wọ́n ní 1978 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ pa á tì. Ṣùgbọ́n mágnẹ́ẹ̀tì kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ kú. Fóòmù tín-ín-rín tó yí etí páálí inú sípíkà ká ni. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ títí yóò fi di ẹ̀rún, ìbáà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò tan ẹ̀rọ náà láti ogún ọdún. Ká wá gbé e wá sí ibi tí atẹ́gùn iyọ̀ ti ń fẹ́ tọ̀sán-tòru, tí ìṣó inú ilé onípákó pàápàá ń dípẹtà! Aṣọ iwájú sípíkà ló ń bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀, Bàbá Oríjínà kì í sì í ṣí i, bí ẹni pé ìborùn ìyàwó ni, tí òun ò sì tíì san owó orí. Bẹ́ẹ̀, bó bá ṣí i, tó wo etí fóòmù náà, tó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rọra ti páálí wọlé, yóò gbọ́ bóyá wáyà inú rẹ̀ ń ha. Bó bá fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo kan wáyà ẹ̀yìn rẹ̀, sípíkà tó bá wà láàyè yóò ní “pọ̀,” páálí rẹ̀ yóò sún. Kó ṣe é fún méjèèjì o, nítorí ọ̀kan lè yè kí èkejì ti kú. Gbogbo rẹ̀ kò tó àkókò tó fi ń ròyìn Yorkshire.

Wọ́n á ní fóòmù ṣeé pààrọ̀. Ó ṣeé ṣe, àwọn tó ń ṣe é wà l’Álàbá, l’Ékòó. Àmọ́ ẹni tó ná ọjà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú nítorí owó díẹ̀ kì í ka owó ọkọ̀ ojú omi dé Ìgbókòdá, owó mọ́tò dé Èkó, owó iṣẹ́, àti ìrìn àbọ̀ tí omi yóò tún máa ta sí i lára. Iná ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà láìsí iná ìjọba, epo la fi ń gbọ́ orin. Irú sípíkà tí wọ́n dé pa pátápátá, tí Edgar Villchur gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1954, a máa fa agbára púpọ̀ kó tó gbóhùn sókè. Ẹ fi jẹnẹrétọ̀ kékeré sídìí amplifier tó ń gbé e, kẹ́ ẹ gbọ́ èwo nínú wọn ló ń kọrin.

Ẹnìkan lè ní owó rẹ̀ ni, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Kò burú. Kó gbé e sí pálọ̀, kó to fọ́tò ọmọ lé e lórí, ṣùgbọ́n owó tábìlì ni kó san. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ orin, bí ẹni tó ń tà á kò bá jẹ́ kẹ́ ẹ ṣí aṣọ iwájú rẹ̀, ẹ fún un ní sípíkà rẹ̀, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.