Aṣọ Ẹbí fún Erin

Ìpàdé mẹ́ta gbáko ni ọmọ Ìjẹ̀bú kan láti Ìjagun, tó ń gbé Glasgow, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ṣe nípa òkè tí wọ́n fẹ́ gùn lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì. Ní àkọ́kọ́, wọ́n fẹnu kò sórí jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù. Ní ìkejì, wọ́n yí i sí pupa fòò, nítorí búlúù kì í yọ nínú fọ́tò. Ìkẹta dá lórí ẹni tí yóò gbé kúlà jọ́lọ́ọ̀fù. Ẹni tó bá ti rí bí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ṣe ń wọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde kò ní bá wọn jiyàn: ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ètò í ṣe.

Òkè ọ̀hún ńkọ́? A' Mhaighdean ni, "Wúńdíá" lédè Gaelic. Òkè 282 ló ga ju 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ ní Scotland. Munro ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí Hugh Munro tó kọ́kọ́ to orúkọ irú wọn jọ ní 1891. Nínú gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ gbà pé Wúńdíá yìí ló jìnnà sí títì jù. Láti Poolewe, àlọ àti àbọ̀ lé ní 40 kìlómítà.

Ẹni tí kò lè gbé eèrà, tó ń kùsà sí erin, títẹ́ ní ń tẹ́. Kí kálukú mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àgbà tó pòwe yìí kò mọ̀ pé a ó rí àwọn tí yóò dá aṣọ ẹbí fún erin kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Nígbà tí akọni wa wálé Iléyá, ọ̀kadà ló ń gùn lọ ra búrẹ́dì!

Ní 1892, William Naismith fi ìṣirò kan lélẹ̀: wákàtí kan fún máìlì mẹ́ta, wákàtí kan sí i fún 2,000 ẹsẹ̀ bàtà tí èèyàn bá gùn. Wúńdíá ga ní 967 mítà. Ẹ ṣírò ó. Ó ń lọ sí wákàtí mẹ́wàá, láìtíì ṣí kúlà. Bẹ́ẹ̀, ojúmọmọ àsìkò Kérésì níbẹ̀ kì í pé wákàtí méje. Ta ló sọ̀rọ̀ tọ́ọ̀ṣì nínú ìpàdé? Kò sí. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú mọ́ wọn, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń gba èèyàn là lórí òkè, tí kì í gba kọ́bọ̀, ni yóò dìde lórí ibùsùn wọn, tí wọn yóò máa wá jákẹ́ẹ̀tì pupa kiri nínú òkùnkùn àti òjò dídì. Ìwà ìkà ni.

Ẹnì kan dábàá gàrí Ìjẹ̀bú, tó fúyẹ́, tí kì í bà jẹ́, tí kò béèrè iná. Wọ́n ní kò bá fọ́tò mu.

Nígbà tí ìyá ọmọ náà gbọ́ lórí fóònù ní Ìjagun, ó béèrè pé, "Ṣé ẹnì kankan nínú yín mọ̀nà ibẹ̀?"

"Ẹ má mikàn, Màámi. Pupa la máa wọ̀."