Ẹgbẹ́ À-ń-Wò-Ó

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Igún, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Ìlú Ìjokù ti wọ Ṣàgámù ní Rẹ́mọ pẹ̀lú ìlú méjìlá yòókù (ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àná ni) nígbà tí Igún àti ọkọ rẹ̀ kọ́ ìtẹ́ sórí àràbà kan lẹ́yìn ìlú. Ẹyin kan ṣoṣo ni Igún ń yé lọ́dún, bí ọjọ́ 50 ni wọ́n sì ń fi sàba lé e.

Ìjàpá wòkè, ó rí ọjà. Ó pe ẹranko gbogbo jọ, ó ní: “Ní Big Bear ní Kalifóníà, wọ́n gbé kámẹ́rà sórí ìtẹ́ idì méjì, Jackie àti Shadow. Ní 2025, ọmọ mẹ́ta jáde níbẹ̀. Yìnyín bọ́ lóṣù kẹta, ọ̀kan kú. Tọmọdé tàgbà ló ń wò ó, tí wọ́n ń sunkún. Ẹ̀yin ará Ìjokù, ṣé ẹkún tiwa ni kò níyì?”

Ọ̀bọ gun àràbà náà, ó so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀ka. Obì mẹ́wàá lóṣù ni owó ìwòran. Obì kì í kúkú wọ́n ní Rẹ́mọ. Ti Igún ńkọ́? Wọ́n ní òkìkí ti tó o.

Ọjọ́ kẹta, Kánnákánná bà sétí ìtẹ́, ojú rẹ̀ ń bẹ lára ẹyin. Igún figbe bọnu:

Kánnákánná dé o!
*À ń wò ó!*
Ẹyin mi fẹ́ fọ́ o!
*À ń wò ó!*
Ta ni yóò gbà mí o?
*À ń wò ó!*

Àgbò gbé fóònù sókè. Ológbò ní kí wọ́n fa àwòrán náà súnmọ́ òun, òun fẹ́ rí ojú ìyá ẹyin. Ọkọ Igún ló sáré dé, tó lé e lọ. Kánnákánná bọ́ sílẹ̀, ó san obì tirẹ̀, wọ́n sún fún un, ó jókòó.

Ẹyin pa. Wọ́n dìbò orúkọ, wọ́n jà fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, “Ògo Ìjokù” ló wọlé.

Ọmọ ènìyàn kan wà, lékuléja ni. Àgbà ìlú rẹ̀ a máa pa á lówe pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, ṣùgbọ́n orí igún wọ́n lọ́jà ju òwe lọ. Láti 2015 ni àwọn tó ń tọ́jú ẹyẹ káyé ti kéde pé ìran igún yìí wà létí ìparun. Láàárín 2019 sí 2020, májèlé pa ju 2,000 lọ ní Guinea-Bissau, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ láìlórí. Lékuléja san ogún obì. Ìjàpá fi ìran òru ṣe èènì fún un, kó lè mọ ìgbà tí Igún àti ọkọ rẹ̀ ń sùn.

Òkùnkùn ṣú o!
*À ń wò ó!*
Ẹnìkan ń gùn bọ̀ o!
*À ń wò ó!*
Ọkọ mi dà o?
*À ń wò ó!*
Ògo Ìjokù dà o?
*À ń wò ó!*

Ilẹ̀ mọ́, ẹkún sọ. Ajá ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹfọ̀n ní kí wọ́n yan ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n jẹun, wọ́n pinnu pé kámẹ́rà kan ṣoṣo kò tó.

Igún palẹ̀ mọ́, ó gba ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ lọ.

Kò pẹ́ tí tírélà fi gbá Ewúrẹ́ pa. Nígbà tí Igún ṣì wà nílùú, kí ilẹ̀ tó ṣú, egungun nìkan ni ìbá kù. Ọjọ́ mẹ́rin, òkú wú, eṣinṣin bo ọjà, Ajá jẹ níbẹ̀, inú ń run ún. Wọ́n rán Àkùkọ sí Igún pé kó dákun, kó padà wá.

“Sọ fún wọn,” ni Igún wí, “pé mo ń wò ó.”

Ìjàpá ti yí kámẹ́rà sí òkú Ewúrẹ́ kí Àkùkọ tó délé. Obì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni lóṣù báyìí, èrò sì ti tò.