Àbọ̀ Tó Dójú Tì Mí

Ẹ tètè rẹ́rìn-ín, ká lè ráyè sọ̀rọ̀. Táǹkì omi tí òró rẹ̀ jẹ́ mítà kan àbọ̀, tí ìbú àti gíga rẹ̀ náà jẹ́ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo ṣírò ó pé 1,125 lítà ni yóò gbà. Ọgbọ́n mi rèé: mo sọ odidi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, ó fún mi ní ọ̀kan, mo sọ àbọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di púpọ̀, ó fún mi ní ìdámẹ́jọ, mo ro méjèèjì pọ̀, mo sọ ọ́ di lítà, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ bí ọ̀gá. Àmọ́ 3,375 lítà ni táǹkì náà ń gbà. Ẹni tó bá fi ìṣirò mi ra omi lọ́wọ́ ọkọ̀ elómi, orúnkún ni omi rẹ̀ yóò mọ.

Ẹ wá wo bó ṣe rí gan-an. Ẹ fọkàn gé táǹkì náà sí àpótí kéékèèké, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì mítà. Mẹ́ta á wọ òró, mẹ́ta á wọ ìbú, mẹ́ta á wọ gíga: 27. Mẹ́jọ irú wọn ló ń ṣe odidi kan, nítorí náà 27/8 ni, ìyẹn 3⅜. Èmi rí mẹ́jọ tó ṣe odidi, mo tún rí ẹyọ kan tó lúgọ sí igun òkè lọ́hùn-ún. Méjìdínlógún yòókù ńkọ́? Méjìlá lẹ̀ mọ́ ara odidi náà bíi pákó mẹ́ta, mẹ́fà sì dúró bí òpó mẹ́ta láàárín àwọn pákó ọ̀hún. Ibi tí odidi òró ti pàdé àbọ̀ ìbú nìyẹn, èmi sì ti pàṣẹ pé wọn ò gbọdọ̀ pàdé.

Ẹ lè ní òpè ni mí. Mi ò jiyàn, àmọ́ ọgbọ́n kan náà tọ̀nà nínú ìròpọ̀: kan àbọ̀ mẹ́ta, ẹ ro odidi lọ́tọ̀, ẹ ro àbọ̀ lọ́tọ̀, mẹ́rin àbọ̀ ni, kò sí wàhálà. Ẹnu wa náà ò sì gbè mí. A ó ní “kan”, a ó wá so “àbọ̀” mọ́ ọn nídìí bí ẹrù ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ká ní ìdajì mẹ́ta, 3/2, ni mo pè é, kí ni mo fẹ́ yà sọ́tọ̀? Èyí tó ń bí mi nínú jù ni orúkọ iṣẹ́ yìí: ìsọdipúpọ̀. Púpọ̀ wo? Ìdajì lọ́nà ìdajì lọ́nà ìdajì di ìdámẹ́jọ, wọ́n ṣì ń pè é ní púpọ̀! Ẹ sọ pé “ìdajì ìdajì ìdajì”, bí ẹni ń gé iṣu, ọmọdé á mọ̀ pé ó ń kéré sí i.

Àwọn kan á ní kí n tẹ 1.5 sínú ẹ̀rọ ìṣirò, kí n dákẹ́. Ó dáa fún àbọ̀. Ṣùgbọ́n kọnkéré ilẹ̀ tó nípọn ní ínǹṣì mẹ́rin, ìdámẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà ni. Ní yàrá ẹsẹ̀ bàtà méjìlá níbùú lóòró, 144 pín sí mẹ́ta, 48 ni, ó parí. Ẹni tó tẹ 0.33 á rí 47.52, á sì máa wá ìyókù kiri. Síbẹ̀, tirẹ̀ ṣì sàn ju tèmi lọ.