Ọ̀gá Yangí

Bí ẹ bá wà ní Òmù-Àrán, ní gúúsù Kwara, lásìkò ọdún Àjíǹde tàbí Kérésì, etí yín ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ pé ó ti dé. Àwọn ọmọdé á pariwo, ajá á gbó, bàtà kan á wá máa dún kó-kó-kó níwájú ṣọ́ọ̀bù, bíi ti màmá ìjọ tó pẹ́ dé ìsìn. Irin ló wà nísàlẹ̀ bàtà náà, òun ló fi ń há a mọ́ pẹ́dà. Ẹni tó wọ̀ ọ́ wọ ṣòkòtò péńpé tó lẹ̀ mọ́ itan pinpin, ó dé akoto, ó fi awò dúdú bo ìlàjì ojú, píọ́ wọ́tà ló sì fẹ́ rà. Ìyá tó ń tajà á nawọ́ omi sí i, á gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta ni o.

Ọ̀gá Yangí là ń pè é lẹ́yìn. Wọ́n pọ̀: òmíràn nínú wọn ń gbé Èkó, òmíràn ń gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí Houston, ìwà wọn kò yàtọ̀. Ẹ má pe ohun tó gùn ní bàsíkùlù lójú rẹ̀. Á dá yín dúró sínú oòrùn, á ṣàlàyé: kì í ṣe ti orí ọ̀dà, kì í ṣe ti orí àpáta, ọ̀nà yangí ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Táyà rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 40. Kílò 9 ni gbogbo rẹ̀, ẹ gbé e wò. Ẹ ò ní lè sọ pé ẹ ò gbé e. Tí ẹ bá wá béèrè iye tó rà á, á rẹ́rìn-ín, á ní ẹ má ṣe bi òun, ìyàwó òun náà kò tíì mọ̀.

Á tún sọ fún yín pé ní Kansas, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ń sá eré kan lórí yangí láti ọdún 2006, igba máìlì ni wọ́n ń gùn. Pé ní Ítálì ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 2022. Pé nígbà tí ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé tojú ọ̀nà ọ̀dà kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà, ní Kigali, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ojú òun ló ṣe. Lórí fóònù ló ti wò ó, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ Ìkẹjà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ròyìn rẹ̀, ẹ ó rò pé òun ló gba ipò kejì.

Ẹ wá wo ọjọ́ tí òkúta mímú ya táyà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi funfun kan wà nínú táyà náà, òun ló yẹ kó dí ojú ihò fúnra rẹ̀. Ihò yìí tóbi ju agbára omi náà lọ. Ó ti kẹ̀kẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Fọkanáísà tẹ táyà, ó tú u, ó nawọ́ sínú rẹ̀, ó wá inú rẹ̀ títí, ó gbójú sókè.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, túùbù rẹ̀ dà?"

"Kò ní túùbù."

"Kí lẹ wá fẹ́ kí n lẹ̀?"

Orí ọ̀kadà ló bá délé, ó gbé kẹ̀kẹ́ há àyà. Ṣùgbọ́n Strava, áàpù tó ń wọn eré kẹ̀kẹ́, ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù rẹ̀, kò pa á. Títí di òní, òun ló yára jù lọ lójú ọ̀nà yẹn, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè. Wọ́n ní kó yọ ọ́ kúrò, ó ní òun á ṣe é tí òun bá ráyè.

Ilẹ̀ wa yìí tó gùn lóòótọ́, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Láti Òmù-Àrán lọ sí apá Ẹ̀sìẹ́, láti Ọ̀rọ̀ dé Ìsánlú-Ìsin, yangí pupa ló gba abẹ́ igi igbá àti oko kajú kọjá, òkè ń yọ lápá ọ̀tún, odò kékeré ń gé ọ̀nà. Bí ẹ bá forí tì í dé Òwá-Kájọlà, ẹ ó bá omi Owú tó ń já wá láti orí àpáta tó ga tó mítà 120. Láàárọ̀ ọyẹ́, kò sí ohun tó dùn tó o.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ó ní òun ló rí ọ̀nà náà. Ó ti ya á sórí máàpù, ó ti fún un lórúkọ, ó ti fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ọ̀nà oko ìyá ìyá rẹ̀ ni. Lórí ọ̀nà yẹn gan-an ni bàbá bàbá rẹ̀ ti gun kẹ̀kẹ́ Raleigh, àpò èkùrọ́ lórí káríà, ìyàwó ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ lórí ọ̀pá iwájú, àdá lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sí jíà kankan àyàfi orúnkún rẹ̀. Kò ya fọ́tò. Ọjà ló ń lọ.

Àmọ́ kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò yìí. Àwọn ère òkúta tó lé ní 800 tó wà ní Ẹ̀sìẹ́, àwọn ará ìlú ló ń bọ wọ́n lọ́dọọdún. Lọ́dún 1933, Ọ̀gbẹ́ni Ramsay, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ fún ìjọ CMS, débẹ̀, ìwé sì ń sọ ọ́ títí dòní pé òun ló ṣàwárí wọn. Ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn ère náà ní 1945 ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ramsay ní àwáwí ṣá: àlejò ni. Ọ̀gá Yangí, inú ìlú ni wọ́n gbé sin olóbì rẹ̀.

Bàbá kan tó ń ṣa kajú ló bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Oò, kú ìrìn. Ọmọ ilé wo ni ẹ́?"

Ó dárúkọ ilé wọn.

"Háà! Káàbọ̀, ọmọ mi. Kí lo wá ṣe lọ́nà ibí?"

"Mò ń gbatẹ́gùn ni, sà. Ibí yìí dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹnì kankan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an."

Bàbá wò ó. "Ó dákẹ́ lóòótọ́. Kì í dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Oko mi tòótọ́ wà níwájú lọ́hùn-ún, n kò débẹ̀ mọ́. Ibi tí mo lè sá dé ilé láti ibẹ̀ ni mo ń ṣa yìí."

Ọ̀gá Yangí ya fọ́tò Bàbá. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìgbé ayé ìrọ̀rùn.

Ohun tí Bàbá ń sọ, gbogbo gúúsù Kwara ló mọ̀ ọ́n. Nínú oṣù kẹsàn-án kan náà tí Ọ̀gá ń wo Kigali lórí fóònù, àwọn agbébọn pa ẹ̀ṣọ́ igbó àti fijilanté ní Òkè-Òde. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Erúkù, wọ́n pààyàn, wọ́n kó èèyàn 38 wọ inú igbó. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà ni àwọn tí wọ́n kó lọ tó padà wálé. Àwọn tó ń lọ síbi iṣu wọn ló ń gba ọ̀nà oko yẹn tẹ́lẹ̀. Wọn kò lọ mọ́, Ọ̀gá Yangí sì ń fi ìdákẹ́jẹ́ wọn polówó. Ó ti kọ̀wé pé òun fẹ́ kó òyìnbó wá gùn ún, wọ́n á san owó. Ó ti ń tọrọ oyè pẹ̀lú: Aṣíwájú Ọlọ́kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Ìgbómìnà. Olóyè tó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ ní òun á rò ó. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àgbà ń sọ tó bá ní òun á rò ó.

Ọdẹ kan tiẹ̀ dá a dúró lójú igbó, ó ní kó padà. Ọ̀gá fi máàpù inú fóònù hàn án, ó ní ọ̀nà wà níbẹ̀. Ọdẹ ní àgbà ló mọ̀nà nílẹ̀ yìí, kì í ṣe fóònù, ó sì fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e padà dé ẹ̀yìn ilé, ó gbé ìbọn lé èjìká. Ọ̀gá kò fún un ní kọ́bọ̀. Ó ṣáà dì í mọ́ra.

Nítorí náà, tí ẹ bá rí i ní Kérésì yìí, ẹ má fi ṣòkòtò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ti ń gbọ́ ìyẹn nílé. Ẹ ní kó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ olórí ọdẹ kó tó gun ohunkóhun. Kó ra bátìrì tọ́ọ̀ṣì fún wọn, kó bu epo sí ọ̀kadà tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ̀nà. Owó táyà rẹ̀ kan ṣoṣo á ṣe méjèèjì, ṣéńjì á sì kù.