Iná Gidi

Ní Pedro níbí, ẹni tí iná kò bá tíì jó tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, àlejò ni. Èmi kì í ṣe àlejò mọ́. Nígbà tí mo gbọ́ pé láti ọdún 2020 ni ìwé ìlànà iná ní Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n máa fi surge protector sí gbogbo ilé tuntun, mo lọ ra ọ̀kan.

Oníṣẹ́ iná tó wá so ó mọ́ bọ́ọ̀dù bi mí pé, "Ọ̀gá, ẹ́ẹ̀tì yín ńkọ́?" Kọnkéré ni gbogbo àgbàlá, onílé ló sì nilé. Mo ní kó sáà so ó. Wáyà ẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tó yẹ kó wọlẹ̀ lọ, ó ká a rogodo, ó tì í sẹ́yìn bọ́ọ̀dù bí ìrù ajá tó ń sá ẹgba.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná dé. Gílóòbù mọ́lẹ̀ gbòò, fáànù ń hó yee. Mo sáré pe màmá alágbo tí a jọ ń gbé: "Mà, ẹ wá wo iná gidi! Ẹ̀rọ mi ló ń tún un ṣe!"

Wọ́n ní, "Fíríìjì tèmi ti kú o. Nǹkan tó wà nídìí rẹ̀ ti já iná."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Tiyín ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ẹnu mi kò tíì padé tí gílóòbù fi fọ́ pàà. Fíríìjì mi han, ó dákẹ́. Surge protector fúnra rẹ̀ ń rú èéfín.

Àṣé wáyà nútírà ló já lórí òpó. Bó bá já báyìí, iná tó yẹ kó jẹ́ volt 230 lè sún mọ́ 400. Surge protector kò sì wà fún irú rẹ̀. Iná tó bá ta lójijì, bíi ti àrá, tí kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan, ló ń gbá mú, tó ń darí sínú ilẹ̀. Bí iná bá ga tó sì dúró síbẹ̀, òun náà á gbóná, á jó. Irú èyí tí màmá ní, tó ń já iná bó bá ti ga jù, ló yẹ kí n kọ́kọ́ rà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì, kí surge protector tó tẹ̀ lé e. Nígbà náà ló tó owó rẹ̀.

La bá fọ́ kọnkéré lẹ́yìnkùlé, a gbẹ́ ilẹ̀: ọ̀pá kọ́pà, èédú, iyọ̀. Ibi tí mo ti ń da iyọ̀ sí ihò ní ìdájí ni onílé ká mi mọ́.

"Kí lò ń rì mọ́lẹ̀ nílé mi?"

"Bàbá, ẹ́ẹ̀tì ni, ó ń dáàbò bo ilé."

Bàbá wo ihò náà títí. Wọ́n ní ohun yòówù kó jẹ́, ká fà á dé yàrá àwọn náà.