Ẹni Tí Ó Ra Ọkọ̀ Dúdú Ra Ọ̀gá

Àwọn baba wa kò fi ohun tí ìwọ̀fà jẹ́ pamọ́ fún wa: ẹni tí ó jẹ gbèsè ni, tí ó ń fi agbára apá rẹ̀ sin olówó títí di ọjọ́ tí owó náà yóò fi pé. Wọ́n ní àṣà náà ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá jí ní kùtùkùtù òwúrọ̀ Sátidé ní àdúgbò tí àwọn ọlọ́lá tuntun ń kọ́lé sí ní Ìbàdàn, láti Akóbọ̀ títí dé Ológunẹrú, yóò rí irú ìwọ̀fà tí àwọn baba wa kò rí rí: ọkùnrin tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú, tí ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tí ó sì ń fi garawa àti ọṣẹ sin ohun tí ó rà.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ dúdú? Nígbà tí Henry Ford ń ṣe ọkọ̀ Model T ní Amẹ́ríkà, láti 1914 títí di 1925, dúdú nìkan ni ó ń kùn ún. Ẹni tí ó fẹ́ pupa kò rí pupa rà, a sì lè dárí ji àwọn tí ó ra tiwọn nígbà náà. Ti wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni wa dé ọjà ọkọ̀ tòkunbọ̀, ó rí funfun, ó rí aláwọ̀ fàdákà, ó rí aláwọ̀ eérú tí eruku lè bà lé fún oṣù kan gbáko kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, ó sì na ìka sí dúdú, nítorí pé dúdú ni àwọn ọkọ̀ tí ń tẹ̀ lé gómìnà, dúdú sì ni èyí tí àwọn sẹ́nétọ̀ fi ń re òde òkú. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ti sanwó tán? Adúmáadán! A-fi-ara-ṣe-dígí, a-jókòó-kí-olówó-rẹ̀-dìde, ọ̀rẹ́ eruku, àyànfẹ́ ẹyẹ, dúdú tí ń gba oòrùn mọ́ra bí ẹni gba ìpín!

Ọ̀gá yìí kò mọ àṣírí í bò. Lórí ọ̀dà dúdú náà ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ti fọ́n ìpele kan tí kò láwọ̀. Ara rẹ̀ ni gbogbo dídán tí a ń rí wà, kò sì sábà nípọn ju nǹkan bí 50 lọ nínú ìdá 1,000 mìlímítà kan, èyí ni pé ó tínrín ju ojú ewé ìwé ìròyìn kan lọ. Hóró iyanrìn kan ṣoṣo tí ó bá há sínú akísà yóò bu àbàjà fún un láìjẹ́ pé a pe olóòlà. Lára ọkọ̀ funfun, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi tètè rí ilà náà. Lára dúdú, òkùnkùn ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà bí ọkọ̀ bá dúró sínú oòrùn ọ̀sán, ẹ ó rò pé gbogbo aláǹtakùn Ìbàdàn ni ó sun orí rẹ̀ mọ́jú.

Ta wá ni olóòlà náà? Baba tí ó ni ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, tí eruku ọ̀gbun Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì sì ń rin ìrìn àjò tí kò gba ìwé ìrìnnà wá bà lé ọkọ̀ rẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ ń ṣe ni pé yóò mú akísà gbígbẹ, yóò sì fi gbogbo agbára nu eruku náà yíká-yíká. Àwọn àgbà ní omi ni ènìyàn ń tẹ̀ kí ó tó tẹ iyanrìn. Tirẹ̀ yàtọ̀, ó ti tẹ iyanrìn tán kí ó tó rántí omi. Bí omi bá sì dé, inú garawa kan ṣoṣo ni akísà tí ó fọ taya, tí ó ti kó yẹ̀pẹ̀ pupa gbogbo òpópónà tí ìjọba ti ṣèlérí láti da ọ̀dà sí, ń wọ̀, láti inú rẹ̀ náà ni ó sì ń gba orí bónẹ́ẹ̀tì lọ. Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú tí ìyàwó rẹ̀ fi ń fọ aṣọ ni ó lò, ọṣẹ tí a ṣe láti bọ́ ọ̀rá kúrò lára aṣọ, tí ó sì ń fi òtítọ́ inú bọ́ ìda kúrò lára ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti rán an.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wá sílé láti yunifásítì kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká lo garawa méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan tí a ó máa fi ṣan aṣọ ìfọkọ̀. Ká kọ́kọ́ da omi púpọ̀ sí i láti òkè wá sísàlẹ̀, kí iyanrìn ṣàn lọ ká tó fọwọ́ kàn án, ká sì fọ taya lọ́tọ̀. Bí a bá sún un sí ibòòji, omi ò ní yára gbẹ sí i lára. Tótó, ó ṣe bí òwe, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.”

Baba ní, “O káre, ọmọ mi. Ṣé ìwọ lo bá mi ra á?”

Ó fi í sáàárín oòrùn. Omi kànga ẹ̀rọ gbẹ sí i lára, ó sì fi àmì funfun tótòtó sílẹ̀, irú èyí tí omi kọ́ ni yóò wẹ̀ ẹ́ kúrò mọ́.

Nígbà tí àbàjà náà wá pọ̀, ó ra pọ́líìṣì. Pọ́líìṣì, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìpara. Ìyẹ̀fun líle ni ó wà nínú rẹ̀, tí ń fá díẹ̀díẹ̀ nínú ìpele tínrín náà títí ojú ilà yóò fi tẹ́jú. Ìda ni ìpara, òun ni ó ń jókòó jẹ́ẹ́ sórí rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fá a àfi bí ó bá di dandan, a sì máa fi ìda bò ó lóòrèkóòrè. Baba wa ń fá a ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, n kò sì mọ ọjọ́ tí orí bíbẹ́ di oògùn orí fífọ́.

Ní ti ìda olówó ńlá tí ó fi ń yangàn, ara ewé ọ̀pẹ kan tí wọ́n ń pè ní carnaúba ni ó ti wá, ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsílì, ní Ceará àti Piauí, níbi tí wọ́n ti ń gé ewé náà, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n sì ń lù ú títí ìda tí ọ̀pẹ náà fi bora kí ọ̀dá má baà gbẹ ẹ́ yóò fi gbọ̀n sílẹ̀. Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Ọ̀pẹ tiwa fún wa ní epo, ó fún wa ní ẹmu, ó fún wa ní ìgbálẹ̀, ó fún Ọ̀rúnmìlà ní ikin, n kò sì rí ẹni tí ó jí ní Sátidé láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pẹ ẹni ẹlẹ́ni fi aṣọ bora nítorí ọ̀dá, wọ́n bọ́ ọ sí ìhòòhò, wọ́n sì gbé aṣọ náà wọ mọ́tò ní Akóbọ̀.

N kò ní purọ́ mọ́ ọkọ̀ náà, ó ń dán. Obìnrin lè dúró níwájú rẹ̀ kí ó wé gèlè. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti dán ni adìyẹ Ìyá Ìbejì kò ti gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá mọ́, tí àwọn ọmọdé kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù mọ́, tí ẹyẹ tí ó bá sì fò kọjá lókè ń gba èpè tí kò ṣẹ̀ fún. Bí ọ̀sán ti pọ́n, tí aago ìgbéyàwó tí a pè wá sí ń lù, ojú ọ̀run ṣú díẹ̀. Baba wo ojú ọ̀run, ó wo ọkọ̀, ó wo ọ̀nà eléruku. Ó fa tapólì bo ọ̀gá rẹ̀, ó so okùn rẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ká agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó sì pe ọlọ́kadà.

“Èló lo máa gbà dé Mọ́kọ́lá? Rọra gùn ún o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni.”