Àkèré Tó Na Òmìrán

Ẹ súnmọ́ mi, kí n rojọ́ fún yín. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Peckham, ní London, ni mo ti ń bọ̀. Wọ́n ní kí n wá bá wọn gbé ọmọ tuntun, àfi bí mo ṣe débẹ̀ tó jẹ́ pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ni mò ń wò. Kí ni wọ́n ń ṣe? Káàdì ni wọ́n ń ta! Mo rò pé tẹ́tẹ́ ni, mo ti fẹ́ figbe ta.

“Rárá, Màmá àgbà, Magic: The Gathering ni.”

Wọ́n ní Richard Garfield, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà kan, ló gbé e jáde lọ́dún 1993. Onímọ̀ ìṣirò! Àbájọ.

Káàdì béárì kan wà lọ́wọ́ èyí àbúrò nínú àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà méjì wà ní igun káàdì náà nísàlẹ̀: 2/2. Àkọ́kọ́ ni ìyà tó lè fi jẹ ẹlòmíràn, èkejì ni ìyà tí òun fúnra rẹ̀ lè jẹ kó tó kú. Ọmọ yìí ti gbé òkúta dígí wẹ́wẹ́ méjì lé e lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi +1/+1 kún un. Béárì di 4/4. Ló bá ní kó lọ kọlu ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n yìí, tó bá fẹ́ ṣìkà, imú ló kọ́kọ́ máa ń họ. Mo rí i tó ń họ imú. Ó fi Hill Giant, òmìrán 3/3, dínà, ó wá fa káàdì Turn to Frog yọ: béárì á di àkèré 1/1 títí àbúrò fi máa ta tirẹ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òmìrán á tẹ àkèré pa!

Ẹ dúró ná. Ẹ rántí bàbá yàrá iwájú... ẹ má wo ọ̀hún, ó ń gbọ́. Ẹ rántí agbádá tó yá lọ síbi ìgbéyàwó? Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí aláṣọ fi dé, tó ní òun fẹ́ gbaṣọ òun. Ìró ìyàwó rẹ̀ ni bàbá ró wálé! Àmọ́ nígbà tó yọ ní kọ̀rọ̀, ta ni kò dá a mọ̀ nínú wa? Ṣebí pélé rẹ̀ wà lójú. Aṣọ àyálò ní í padà sílé, ilà kì í bọ́.

Òkúta dígí yẹn, ilà ni. Wọ́n á kọ́kọ́ ka ara tuntun, 1/1, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ro gbogbo àfikún mọ́ ọn, ì báà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ì báà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Àkèré di 3/3! Àbúrò kò tíì ṣe tán o. Ó rọra fi Giant Growth lélẹ̀, +3/+3, agbádá àyálò gan-an nìyẹn. Àkèré 6/6! Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí? Ó na òmìrán pa.

Nígbà tí àbúrò ta tirẹ̀ tán, ọgbẹ́ mẹ́ta tí òmìrán dá sí àkèré lára, agbára àyálò àti ara àkèré jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin ẹ wò ó: ká ní agbára ló kọ́kọ́ lọ, tí ọgbẹ́ ṣì wà lára àkèré, òkú là bá máa sin. Béárì ló kù níbẹ̀, 4/4, tòun ti òkúta rẹ̀ méjì lórí.

Ẹ̀gbọ́n ka Turn to Frog rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé e lọ bá ìyá rẹ̀, ìyẹn ní kó jẹ́ kí ọmọ sùn. Ó wá bá mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní, “Ọkọ mi, ṣé o mọ bàbá kan ládùúgbò wa tó ní pélé?”

Ẹ pe bàbá yàrá iwájú wá, ó kúkú ti ń rẹ́rìn-ín.